Ṣé o mọ̀? Kámẹ́rà lè rí ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò ti tó nínú ọkàn

Láìla àyà, dókítà lè mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò ti dé ọkàn dáadáa. Wọ́n á fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ technetium-99m, èròjà onítànṣán tó ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn. Kámẹ́rà gámà, tó ń rí ìtànṣán náà, á ya àwòrán ọkàn lẹ́ẹ̀mejì: nígbà ìsinmi àti lẹ́yìn eré ìdárayá. Ibi tó bá ṣókùnkùn lẹ́yìn eré ìdárayá nìkan ni ẹ̀jẹ̀ kò ti tó. Láàárín wákàtí 6, ìtànṣán náà á dín sí ìdajì.

Ìṣègùn núkílíà ni wọ́n ń pe irú àyẹ̀wò yìí. Ọdún 2006 ni ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ṣí ibùdó ìṣègùn núkílíà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà.

Ẹ̀yin ará etíkun Àgbádárìgì, bí àyà bá ń fún yín nígbà tí ẹ bá ń fa àwọ̀n, ẹ má pè é ní àárẹ̀ lásán; ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kò tó nínú ọkàn. Ẹ tètè lọ rí dókítà.