Ya Á, Kó o sì Pè É Lórúkọ



Beatrix Potter, tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1866, máa ń fi ọ̀dà olómi ya ehoro àti olú. Ní 1897, wọ́n ka ìwádìí rẹ̀ lórí olú níbi ìpàdé àwọn onímọ̀, àmọ́ òun ò sí níbẹ̀: wọn kì í gba obìnrin wọlé. Kò tìtorí ẹ̀ sọ búrọ́ọ̀ṣì nù. Ìwé ehoro rẹ̀ jáde ní 1902.

Ẹ̀yin náà, ẹ wo ọ̀kẹ́rẹ́ inú páàkì dáadáa. Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀dà tó fúyẹ́ kùn ún. Tó bá gbẹ, ẹ fi èyí tó ki lé e. Kẹ́ ẹ wá kọ orúkọ ẹ̀ sábẹ̀ ní Yorùbá.

Ẹ̀yin òbí, orúkọ tá ò bá pè létí ọmọ, ó ti fẹ́ sọnù nìyẹn.