Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Òkè Ìdànrè

Ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀ Èkó, ṣé òpin ọ̀sẹ̀ yìí náà, òwàm̀bẹ̀ ni? Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìdànrè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó.

1. Ẹ tètè jáde láàárọ̀ Jímọ́ọ̀, kí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ tó gba afárá Third Mainland. Ẹ wọ ọkọ̀ Àkúrẹ́. Ìdànrè ò jìnnà síbẹ̀.

2. Àtẹ̀gùn òkè náà lé ní 600. Ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà, ẹ má tijú àtijókòó. Bàtà gogoro kọ́ o, ẹ̀yin aláṣọ ẹbí!

3. Orí òkè ni ìlú àtijọ́ wà: ààfin Ọwá, ọba Ìdànrè, kọ́ọ̀tù àti ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn, ẹni inú ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ọmọdé àti àgbà ló máa ń bá ojú ẹsẹ̀ náà mu, àfi ti àjẹ́. Ta ló fẹ́ kọ́kọ́ dán an wò?

UNESCO ti kọ Òkè Ìdànrè mọ́ àwọn ibi tó lè di ogún àgbáyé láti 2007.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín tó ń fi ìrìn àjò Dubai yangàn.