Bí iṣan gìgísẹ̀ bá já, ẹ má jẹ́ kó pẹ́

 Ọ̀rọ̀ tòní kan ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù lópin ọ̀sẹ̀, àti ẹni tó ń gbé ẹrù lọ́jà.

Iṣan ńlá kan wà tó so ẹran ẹ̀yìn ojúgun mọ́ gìgísẹ̀. Àwọn Hausa ń pè é ní agara. Bó bá já, ẹni náà lè bojú wẹ̀yìn, kó rò pé ẹnì kan ló ta òun nípàá.

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé ìrora rẹ̀ lè rọlẹ̀, ẹsẹ̀ sì tún lè máa rìn, nítorí àwọn iṣan kéékèèké ń ṣèrànwọ́. Wọ́n á máa fi àbóníkì ra á. Ẹlòmíràn á ní ó di ìgbà tí òun bá relé, l'Ógbómọ̀ṣọ́ tàbí l'Ọ́ffà. Kí a tó mọ̀, oṣù kan ti kọjá.

Ẹ dán èyí wò: kí ẹni náà dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta. Ẹ rọra fún ẹran ẹ̀yìn ojúgun. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ kò bá mira rárá, ilé ìwòsàn yá.

Ẹni tó bá dé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, dókítà lè rán ojú méjèèjì pọ̀, tàbí kó fi POP dì í láì la ẹsẹ̀. Bó bá ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹran ti fa iṣan sókè, àlàfo ti wà láàárín. Rírán lásán lè má tó mọ́. Dókítà á gé àpá kúrò, á fa iṣan wálẹ̀. Bí àlàfo bá pọ̀, ó lè mú iṣan tó ń tẹ àtàǹpàkò ẹsẹ̀, kó kàn án mọ́ egungun gìgísẹ̀. Agbára àtàǹpàkò á dín díẹ̀, ṣùgbọ́n ìrìn á padà bọ̀ sípò. Nítorí náà, ẹni tó ti pẹ́ kó má sọ̀rètí nù.

Sùúrù ló kù. POP tàbí bàtà pàtàkì lè wà lẹ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, kí iṣẹ́ àwọn físíò tó bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. Eré sísá lè gba oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Mùsùlùmí lè kírun ní ìjókòó. Kí àgbà má sì bínú sí ọmọ tí kò lè dọ̀bálẹ̀. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí tó ń mu sìgá, kó sọ fún dókítà, torí egbò ibẹ̀ lè má tètè jiná.

Ní March 2010 ni iṣan yìí já lẹ́sẹ̀ David Beckham. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Finland. Síbẹ̀, Ife Àgbáyé ọdún náà fò ó dá, September ló tó padà sórí pápá. Ẹni tó tètè tọ́jú ara rẹ̀ nìyẹn o!

Ẹ ṣọ́ra fún ciprofloxacin tí ọ̀pọ̀ ń dá rà ní kẹ́míìsì nítorí tàífọ́ọ̀dù. Ó lè sọ iṣan yìí di ẹlẹgẹ́, pàápàá fún ẹni tó lé ní ọgọ́ta ọdún. Láti 2008 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ rẹ̀ gàdàgbà sára ìwé oògùn náà.

Kò dìgbà tí ẹ bá wọ mọ́tò lọ sílé. UDUTH wà ní Sókótó níbí, ilé ìwòsàn egungun sì wà ní Wamakko. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹsẹ̀ la fi wá ìlú yìí, ẹsẹ̀ náà la ó fi relé o.