Èé Ṣe Tí Wàrà Wa Kì í Yọ́ Lórí Búrẹ́dì?

Ẹ jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ kan tí mo ti bàjẹ́ ṣe nínú ìwé wa yìí.

Nígbà tí mo lọ fi ìkọ́ni dánra wò ní ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, mo fẹ́ fi bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń yan búrẹ́dì oníwàràkàṣì han àwọn ọmọ. Wàràkàṣì òkèèrè kò sí lọ́wọ́ mi, mo sì ra wàrà Fúlàní lọ́jà dípò rẹ̀. A fẹ́ iná títí búrẹ́dì fi jóná, ṣùgbọ́n wàrà dúró gbọin bí ẹni pé iná kò kàn án. Ọmọkùnrin kan bèèrè pé, “Olùkọ́, èé ṣe tí kò fi yọ́?” Mo yára dáhùn pé wàrà tiwa kì í ṣe wàràkàṣì tòótọ́. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí ìyá rẹ̀ ń ta wàrà. Ó tẹ orí ba. Ohun tí èmi kò mọ̀ ni mo fi kọ́ni, kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n mílíìkì màlúù, nǹkan bí 87 ni omi. Iṣẹ́ gbogbo ẹni tí ń ṣe wàràkàṣì, ní ilẹ̀ yòówù, ni láti mú kí ìyókù dì, kí omi sì ro kúrò lára rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa fi oje inú àpòlúkù ọmọ màlúù sí mílíìkì tí ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́. Wọn a jẹ́ kí ó kan díẹ̀, wọn a fún un, wọn a sì fi í pamọ́ fún oṣù púpọ̀. Kíkan yìí ni ó ń yọ púpọ̀ nínú calcium tí ó so ó pọ̀, èyí kan náà tí ń mú egungun wa le. Nítorí náà, bí ooru bá mú un, ó di rírọ̀, a sì máa ṣàn.

Àwọn obìnrin Fúlàní ní tiwọn a máa gún ewé bọ̀mubọ̀mu, wọn a fi oje rẹ̀ sí mílíìkì lórí iná, wọn a sì jẹ́ kí ó hó. Nígbà tí ó bá dì, wọn a bù ú sínú agbọ̀n kékeré kí omi rẹ̀ lè ro. Híhó yìí a máa mú kí èròjà kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń dà nù mọ́ omi lẹ̀ mọ́ ara wàrà, calcium rẹ̀ kò sì lọ. Bí iná bá kàn án, ara rẹ̀ a kàn pọ́n ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni halloumi ti erékùṣù Kípúrù àti paneer ti Íńdíà kì í yọ́. Ní àríwá ilẹ̀ Benin, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní wàgàṣì, wọn a tilẹ̀ fi ewé ọkà-bàbà sọ ọ́ di pupa.

Bí ẹ bá rí ti òkèèrè, ẹ kọ́kọ́ yan búrẹ́dì kí ara rẹ̀ gbẹ, kí ẹ tó rin wàràkàṣì lé e lórí. Láti òkè ni kí iná ti wá: ẹ gbé e sínú ìkòkò irin, ẹ dé e, kí ẹ sì kó ẹyín iná lé ìdérí. Hannah Glasse, nínú ìwé oúnjẹ tí ó tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1747, fi músítádì sí ti Wales, ó sì rẹ búrẹ́dì ti Gẹ̀ẹ́sì sínú wáìnì pupa. Èmi kò dán ti wáìnì wò. Inú àwọn olùkọ́ wa yóò dùn láti gbọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ti wàrà, ọ̀dọ̀ ìyá ọmọbìnrin náà ni mo padà lọ kọ́ ọ. Ẹ gé e pẹlẹbẹ, ẹ fi iyọ̀ àti ata gígún ra á lára, kí ẹ dín in nínú òróró ẹ̀pà títí yóò fi pọ́n bí àkàrà. Ẹ kì í sáàárín búrẹ́dì Agége, kí ẹ sì fi ohun wúwo tẹ̀ ẹ́ nínú páànù gbígbẹ títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi le. Ọ̀nà kejì, tí mo fẹ́ràn jù, ni kí a rin wàrà, kí a pò ó mọ́ ẹyin, àlùbọ́sà àti ẹja yíyan tí a ti yọ egungun rẹ̀ (ta ni yóò wà ní Ẹ̀pẹ́ tí yóò gbàgbé ẹja?), kí a fi kun búrẹ́dì, kí a sì da ojú rẹ̀ bo òróró gbígbóná. Ẹyin ni yóò dì í mú.

Kí ẹ má ṣe ra wàrà tí ń yọ̀ lọ́wọ́. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, ẹ tún un sè nínú omi rẹ̀ kí ẹ tó jẹ ẹ́.

Nígbà tí mo padà sí kíláàsì náà, mo sọ fún àwọn ọmọ pé mo ti ṣì wọ́n lọ́nà. Ọmọbìnrin náà ni mo ní kí ó dín wàrà. Ó wo èyí tí mo gé, ó sì ní, “Olùkọ́, ẹ gé e nípọn jù.”