Bí Gàráńtì Ẹ̀rọ Bá Parí ní Douala

Ká ní ẹnì kan ra fíríìjì ní àdúgbò Akwa lóṣù Kejìlá. Gàráńtì ọdún kan ni wọ́n kọ fún un, ó sì parí. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, fíríìjì dákẹ́. Bó bá padà sí ṣọ́ọ̀bù, déètì ara káàdì gàráńtì ni wọ́n á kọ́kọ́ nàka sí fún un. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á fi òǹtẹ̀ ìsàlẹ̀ rìsíìtì hàn án: ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà, a kì í pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn á gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n á wá oníṣẹ́ lọ sí New Bell. Wọn ò mọ̀ pé ìlérí inú káàdì ọ̀tọ̀, ẹ̀tọ́ tí òfin fún oníbàárà ọ̀tọ̀.

Ìwé òfin tí ilé ẹjọ́ Douala ń lò lórí ọjà títà ni Code civil tí àwọn Faransé ṣe ní 1804, tí wọ́n mú wọ Kamẹrúùnù ní 1924. Abala 1641 ní òǹtajà ni yóò dáhùn fún àbùkù tó ti fara sin sínú ọjà kó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Abala 1644 ní kí oníbàárà yàn: kó dá ọjà padà kó gbowó rẹ̀, tàbí kó mú ọjà kí wọ́n dá díẹ̀ padà fún un nínú owó. Bí òǹtajà bá mọ̀ tó panu mọ́, ẹran àti ẹja tó rà sínú fíríìjì náà á wọ ìṣirò. Tòkunbọ̀ náà wà lábẹ́ òfin yìí, àmọ́ àbùkù tí ojú lè rí lọ́jọ́ tí ẹ ń rà á, ẹ̀yin lẹ ni ín.

Kò sí déètì káàdì níbì kankan nínú àwọn abala wọ̀nyí. Ohun tí òfin béèrè ni pé kí èèyàn gbé ẹjọ́ wá láàárín àsìkò kúkúrú, kò sì ka oṣù. Adájọ́ ló ń wò ó. Faransé fúnra wọn ti fi ọdún méjì rọ́pò gbólóhùn yẹn ní 2005, àmọ́ ti àtijọ́ ni Douala ṣì ń lò. Ẹni tó rí àbùkù lónìí tó ní ó di lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún 2011, Kamẹrúùnù ṣe òfin ààbò oníbàárà tirẹ̀, nọ́ńbà 2011/012. Ó ní ọjà gbọ́dọ̀ ṣeé lò pẹ́, kó sì ṣeé gbára lé. Àdéhùn tó bá yọ òǹtajà kúrò nínú ẹ̀bi àbùkù ọjà, asán ni, nítorí náà òǹtẹ̀ ìsàlẹ̀ rìsíìtì yẹn ò lè gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Èyí tó wù mí jù ni pé òǹtajà ni ẹrù ẹ̀rí wà lọ́rùn rẹ̀.

Síbẹ̀, bó bá jẹ́ iná tó ń ga tó ń wálẹ̀ tàbí àgbàrá tó wọlé ló ba ẹ̀rọ jẹ́, kò kan òǹtajà. Ẹ má jẹ́ kí oníṣẹ́ tú u kí òǹtajà tó rí i, torí wọ́n á ní oníṣẹ́ ló bà á jẹ́. Ẹ kọ lẹ́tà tó ní déètì sí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ mú ẹ̀dà kan sọ́wọ́. Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ lọ sí ẹ̀ka ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí òwò. Ilé ẹjọ́ Bonanjo tàbí ti Ndokoti ló ń gbọ́ ẹjọ́ tí owó rẹ̀ kò bá ju mílíọ̀nù 10 CFA lọ.

Ẹni tó bá ra tirẹ̀ ní Limbe tàbí Buea, lódìkejì odò Mungo, òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1893 ló wà níbẹ̀. Òun náà ni ìyá òfin ọjà títà tí wọ́n ń lò ní Ìbàdàn àti Èkó.

Ọ̀rọ̀ kan kù lórí rìsíìtì. Ooru ni ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀bù fi ń kọ ọ́, ooru náà ló sì ń pa á rẹ́. Ní Douala, ó lè funfun báláú kí ọdún tó yípo. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá rajà, kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.