Ọ̀nà Ojú àti Ọ̀nà Ọta

Ní ọdún 1742, Benjamin Robins, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ bí a ṣe lè fi pákó tí a so rọ̀ wọn eré ọta ìbọn. Lílù ni ọta ń lu pákó náà. Bí ó bá ṣe fì sẹ́yìn tó ni a fi ń ṣírò eré ọta. Ẹ̀rọ ìwọneré tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí kò gbọdọ̀ fara kan ọta rárá. Ojú méjì ni ó ní. Òjìji ọta tí ó bá gba òkè wọn kọjá ni ó ń kà.

Kí ni ó wá ń sọ ọ́ di àfọ́kù? Ní tèmi, ojú ayìnbọn ni ó ń tàn án jẹ. Awò orí ìbọn sábà máa ń fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 4 ga ju ihò ìbọn lọ. Níbi tí ojú ti rí àyè, ọta lè bá ẹ̀rọ pàdé.

Nítorí náà, kí a tó ki ọta bọ ìbọn, bí irin ìdí rẹ̀ bá ṣeé yọ, kí a yọ ọ́, kí a wo inú ihò náà títí a ó fi rí i pé ọ̀nà ọta ga ju ẹ̀rọ lọ dáadáa. Kí ẹ̀rọ jìnnà tó mítà 3 sí ẹnu ìbọn, kí ìjì ẹnu ìbọn má baà bì í ṣubú. Bí ó bá yẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lọ tún un tò àfi bí gbogbo ìbọn bá ṣófo. A lè fi owó ra ẹ̀rọ mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ̀mí kò láàrọ̀.