Ipò Arọ́pò-Orúkọ Nínú Ọ̀rọ̀-Ìṣe Alápapọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ọ̀rọ̀-Ìṣe Elélà Yorùbá: Àkíyèsí Lórí Èdè Ojoojúmọ́ ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Àkókó

Ìfáàrà

Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, a lè sọ pé "switch off the light", a sì lè sọ pé "switch the light off". Ṣùgbọ́n bí a bá fi arọ́pò-orúkọ dípò "the light", ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: "switch it off". Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ "switch off it" ti ṣe àṣìṣe. Nígbà tí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ bá wáyé ní ilé-ẹ̀kọ́, èdè Yorùbá ni a sábà máa ń dẹ́bi fún. A ó ní èdè abínibí ọmọ náà ni kò jẹ́ kí ó sọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ẹ̀sùn náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Gírámà Yorùbá kọ́ ló fa àṣìṣe yìí. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì ń gbà wọ inú èdè ojoojúmọ́ ni ó yẹ kí a wò.

Òfin Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí àwọn onígírámà Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní phrasal verb ni a pè ní ọ̀rọ̀-ìṣe alápapọ̀ níhìn-ín. Ó ní ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an àti wúnrẹ̀n kékeré kan tí ó tẹ̀ lé e, bí àpẹẹrẹ "pick up", "put on" àti "switch off". Irú èyí ni ó máa ń gba arọ́pò-orúkọ sí àárín. Ó yàtọ̀ sí "look after" tàbí "wait for", nítorí pé ọ̀rọ̀-atọ́kùn ni "after" àti "for" jẹ́, wọn kì í sì í kúrò níwájú àbọ̀ wọn. Nítorí náà ni "look after it" ṣe tọ̀nà tí "pick up it" kò sì tọ̀nà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kan náà ni wọ́n jọ ní.

Ìdí òfin yìí kò fara sin. Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn láti fi ohun tuntun àti ohun tí ó wúwo sí ìparí gbólóhùn. Ohun tí olùsọ àti olùgbọ́ ti jọ mọ̀ ni "it" ń tọ́ka sí, kò sì ní ìtẹnumọ́ kankan. Bí arọ́pò-orúkọ bá wúwo, òfin náà a dẹ̀: "pick up him and his brother" kò burú.

Ọ̀rọ̀-ìṣe elélà Yorùbá

Yorùbá náà ní ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó máa ń là sí méjì. "Bàjẹ́", "gbàgbọ́", "tànjẹ", "rẹ́jẹ" àti "túká" wà lára wọn. Àárín wọn ni àbọ̀ máa ń wà, ìbáà jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, ìbáà jẹ́ arọ́pò-orúkọ:

Ó ba iṣẹ́ náà jẹ́. / Ó bà á jẹ́.
Wọ́n gba Adé gbọ́. / Wọ́n gbà á gbọ́.

Kò sí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá tí yóò sọ pé "ó bàjẹ́ iṣẹ́ náà". Ìyàtọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi ipò hàn láàárín ọ̀rọ̀-orúkọ àti arọ́pò-orúkọ, ohùn ni Yorùbá fi ń hàn án. Níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ, ohùn ìsàlẹ̀ "bà" àti "gbà" a di ohùn àárín. Níwájú arọ́pò-orúkọ, kì í yí padà. Arọ́pò ẹnì kẹta ẹyọ fúnra rẹ̀ a máa gba fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó tẹ̀ lé: bà á jẹ́, tàn án jẹ, rẹ́ ẹ jẹ, tú u ká. Bí a bá sì lo arọ́pò afarajorúkọ tí ó wúwo, a máa ṣe bí ọ̀rọ̀-orúkọ: "Adé ní wọ́n ba òun jẹ́."

Èyí ni ó mú kí ẹ̀sùn tí a fi kan Yorùbá ṣòro láti gbà. Bí ọmọ bá gbé òfin ọ̀rọ̀-ìṣe elélà lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì, "switch the light off" àti "switch it off" ni yóò máa sọ nígbà gbogbo. Méjèèjì ló tọ̀nà.

Bí "off" ṣe di ọ̀rọ̀-ìṣe

Níbo wá ni "switch off it" ti wá? Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ ẹnu ní ọjà Ìkàrẹ́ tàbí ní ṣọ́ọ̀bù ní Ọ̀kà, bí a ti lè gbọ́ ọ níbòmíràn nílẹ̀ Yorùbá. Ẹni tí ó fẹ́ kí a pa jẹnẹrétọ̀ yóò sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi off ẹ̀." Ẹni tí ó fẹ́ kí a tan fóònù yóò ní, "On ẹ̀." Nínú Gẹ̀ẹ́sì tí a ń sọ ní Nàìjíríà pẹ̀lú, "off the light" àti "on the gen" wọ́pọ̀. Wúnrẹ̀n ti di ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀, arọ́pò-orúkọ sì ń tẹ̀ lé e tààrà: "off it".

"Ẹ̀" tí a gbọ́ níhìn-ín yẹ fún àkíyèsí. "Rẹ̀" ni, tí a pa /r/ rẹ̀ jẹ. Bẹ́ẹ̀ sì ni "rẹ̀" ni àbọ̀ tí ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù púpọ̀ tí kì í là máa ń gbà: "mo gbàgbé rẹ̀", "mo pàdé rẹ̀". Kọ́ńsónáǹtì ni "off" fi parí, kò sí fáwẹ̀lì tí arọ́pò-orúkọ lè gbà lára rẹ̀, nítorí náà ọ̀nà "gbàgbé rẹ̀" ni ó gbà. "Switch off" àti "pick up" náà tọ ọ̀nà yìí: "mo ti switch off ẹ̀". Wọ́n wọ Yorùbá ní odindi, bí ọ̀rọ̀-ìṣe aláìlelà. Ọmọ tí ó ti gbọ́ "switch off ẹ̀" àti "off it" lẹ́nu àgbà kò ní pẹ́ sọ "switch off it", pàápàá nígbà tí "look after it" tún wà tí ó jọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Àkókó gidigidi. Àwọn èdè bí Ukaan, Akpes àti Arigidi wà nítòsí Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà. Fún ọmọ tí ó ń sọ ọ̀kan nínú wọn nílé, Yorùbá ọjà àti ti iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni afárá tí Gẹ̀ẹ́sì ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Bí olùkọ́ bá dẹ́bi fún Yorùbá, irinṣẹ́ tí ó wúlò jù lọ ni ó ń jù nù. Kí ó kọ "bà á jẹ́" sí ẹ̀gbẹ́ "switch it off", kí ó sì kọ "gbàgbé rẹ̀" sí ẹ̀gbẹ́ "look after it"; ọmọ yóò rí i pé òun ti mọ ìyàtọ̀ elélà àti aláìlelà kí òun tó dé ilé-ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970 lábẹ́ ìdarí Babs Fafunwa, ti fi hàn pé àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀kọ́ arọ́pò-orúkọ jẹ́ ibi kékeré kan tí a ti lè fi ẹ̀rí yẹn ṣiṣẹ́. Ó sì yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gboyè ní Yunifásítì Adékúnlé Ajásin, Àkùngbá, tí kò jìnnà sí ìlú méjèèjì, gba ohùn àwọn ará ọjà sílẹ̀, kí wọ́n sì fi ṣe àyẹ̀wò àlàyé tí a ṣe yìí.